Gíláàsì tó ń gbé ìtànṣán mì: kí oníṣòwò Festac ṣọ́ owó rẹ̀

Bí òjò ńlá bá ṣú lójú ọ̀run Festac lálẹ́ ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù wà, ẹni tó ní ilé ìwòran ti mọ ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀. Àwọn èèyàn ti sanwó, wọ́n ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹni tó ń ta ọtí tútù ti gbé kúlà rẹ̀ sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Òjò á bẹ̀rẹ̀, àwòrán á kọ́kọ́ máa já wẹ́wẹ́, lẹ́yìn náà ni ojú tẹlifíṣàn á ṣókùnkùn, tí wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí sígínà. Ariwo á sọ, àwọn kan á ní kí wọ́n dá owó àwọn padà. Ọ̀pọ̀ onílé ìwòran ló ti gun òrùlé nínú òjò lọ yí díìṣì síwá sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ díìṣì ò ṣe nǹkan kan. Omi tó wà lójú ọ̀run ló gbé ìtànṣán náà mì kó tó délẹ̀.

Ìtànṣán tí sátẹ́láìtì ń rán sínú díìṣì, èyí tí òpó GSM ń rán sí fóònù àti sí ẹ̀rọ POS, àti èyí tó ń mú oúnjẹ gbóná nínú àdìrò máíkíróweefù, ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn. Ìtànṣán máíkíróweefù ni wọ́n ń pè wọ́n. Ojú kì í rí wọn, wọ́n sì ń gba inú gíláàsì kọjá bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gba ibẹ̀ kọjá. Omi mọ́ gaara, èèyàn lè rí ọwọ́ ara rẹ̀ nínú rẹ̀, síbẹ̀ omi ń gbé ìtànṣán yìí mì. (Òjò kì í da fóònù láàmú tó bó ṣe ń da díìṣì láàmú, torí ìtànṣán díìṣì ń gbọ̀n ju ti fóònù lọ ní ìlọ́po mélòó kan, èyí tó bá sì ń gbọ̀n jù ni òjò máa ń rí mú jù.) Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ohun tó mọ́ gaara tó sì lè gbé ìtànṣán mì wà láyé, kò parọ́.

Ibi tí irọ́ ti ń wọ̀ ọ́ ni ìgbà tí wọ́n bá gbé ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tàbí sítíkà kan síwájú oníṣòwò pé ìyẹn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní kí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn fóònù, kí ó fi sìkírìn-gáàdì pàtàkì bo ojú fóònù, tàbí kí ó fi ọ̀rá kan bo fèrèsé ṣọ́ọ̀bù torí òpó GSM tó wà lódì kejì. Ẹ̀rù ló ń ta irú ọjà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí owó ṣọ́ọ̀bù, owó epo jẹnẹrétọ̀ àti owó iléèwé ọmọ ti fún lọ́rùn ní Festac àti Amuwo-Odofin ò gbọdọ̀ fi náírà kan ṣòfò lórí ẹ̀rù tí kò mú ẹ̀rí lọ́wọ́, pàápàá nígbà tí ibi tó yẹ kó ná owó náà sí wà nítòsí rẹ̀.

Ẹ̀rí tó sún mọ́ oníṣòwò jù lọ wà nínú máíkíróweefù tó fi ń gbóná míìtì-páì. Àwo roboto tó ń yí nínú rẹ̀, gíláàsì ni. Bó bá jẹ́ pé gíláàsì lásán ń gbé ìtànṣán mì, àwo yẹn ni ìbá kọ́kọ́ gbóná. Kí ẹni tó bá ń ṣiyèméjì gbé ife gíláàsì méjì síbẹ̀, kí ó bu omi sí ọ̀kan, kí ó fi ìkejì sílẹ̀ lófìfo, kí ó sì tan ẹ̀rọ náà fún ìṣẹ́jú kan péré. Omi á gbóná, ife òfìfo á fẹ́rẹ̀ẹ́ tutù bó ṣe wà. Ife olómi yẹn ò gbọdọ̀ sí níta o, torí ẹ̀rọ tí wọ́n bá tàn láìsí nǹkan kan nínú rẹ̀ lè bàjẹ́: agbára tí kò rí ohun tó máa gbé e mì á padà sórí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ọ̀nà yìí náà ni olóúnjẹ lè fi mọ abọ́ tó yẹ fún máíkíróweefù. Abọ́ tó bá gbóná nígbà tí kò sí oúnjẹ nínú rẹ̀, kí ó gbé e padà sórí pẹpẹ.

Ti sítíkà fóònù tilẹ̀ rọrùn láti mọ̀ ju ìyẹn lọ. Kí oníṣòwò fi bébà fọ́ìlì tí wọ́n fi ń wé ẹran wé fóònù rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa lẹ́ẹ̀mejì, kí ó wá fi fóònù mìíràn pè é. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò ní í dún. Irin ló dínà mọ́ ìtànṣán. Kí ó tú fọ́ìlì náà kúrò, kí ó wá lo sítíkà tàbí ọ̀rá tí wọ́n fẹ́ tà fún un, kí ó tún pè é. Bí fóònù bá dún bó ṣe ń dún tẹ́lẹ̀, ọjà náà ò dá ìtànṣán náà dúró. Bí kò bá sì dún mọ́, ọjà náà ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n oníbàárà tó fẹ́ pe oníṣòwò láti ra ọjà ò ní í rí i pè. Ìtànṣán tí wọ́n ní kó bẹ̀rù náà ló ń gbé ìpè wá, òun náà ló ń gbé owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ wá.

Wọ́n ti ṣe ẹjọ́ rẹ̀ níbòmíràn. Ní oṣù Kejì ọdún 2002, àjọ FTC tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ òwò ní Amẹ́ríkà pe ilé-iṣẹ́ méjì lẹ́jọ́ torí irú ohun ìdáàbòbò fóònù bẹ́ẹ̀, pé ohun tí wọ́n ń sọ nípa ọjà wọn kò ní ẹ̀rí. Àlàyé tí àjọ náà ṣe fáwọn ará ìlú ni pé gbogbo ara fóònù ló ń tú ìtànṣán jáde, kì í ṣe ibi tí wọ́n ń gbé sétí nìkan, torí náà ohun tó bo ojú kan ò dá nǹkan dúró. Wọ́n tún fi kún un pé bí nǹkan kan bá ń dí fóònù lọ́wọ́ láti rí òpó rẹ̀, ńṣe ni fóònù náà á fi kún agbára tó ń lò. Ìtànṣán tí wọ́n sanwó pé kó dín kù lè wá pọ̀ sí i. Ní ọdún 2020, nígbà tí ọ̀rọ̀ 5G àti àrùn Kòrónà dà rú mọ́ra wọn, àwọn kan ń ta ohun kékeré kan bíi fíláàṣì kọ̀ǹpútà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní iye tó lé ní pọ́n-ùn 300, pé ó ń gba ilé lọ́wọ́ 5G. Nígbà tí àwọn onímọ̀ tú u palẹ̀, fíláàṣì lásán ni. Èyí tó burú jù ni ti ilẹ̀ Netherlands. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, àjọ ANVS tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ ìtànṣán olóró níbẹ̀ kìlọ̀ fáwọn èèyàn nípa ọjà mẹ́wàá, ẹ̀gbà ọrùn, ẹ̀gbà ọwọ́ àtàwọn mìíràn, tí wọ́n ní wọ́n ń lé 5G sẹ́yìn. Àwọn ẹ̀gbà náà fúnra wọn ló ń tú ìtànṣán olóró jáde, ìyẹn irú èyí tó lè ba ara jẹ́ ní tòótọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó ń ta èròjà fóònù náà. Ẹni tó bá kọ ọ́ sójú àtẹ rẹ̀ pé ọjà òun ń gbé ìtànṣán mì, òun ló sọ ọ́, kì í ṣe ẹni tó kó ọjà náà wọlé láti ilẹ̀ òkèèrè. Òfin ìdíje ọjà àti ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018, èyí tí àjọ FCCPC ń lò, kò gba kí oníṣòwò fi ọ̀rọ̀ tó lè ṣi èèyàn lọ́nà ta ọjà. Kí ó máa ta sìkírìn-gáàdì rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tí kì í jẹ́ kí ojú fóònù fọ́. Iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn, àwọn èèyàn á sì rà á.

Ẹni tí òpó GSM wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ńkọ́? Kò yẹ kí wọ́n fi í ṣẹ̀sín. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2001 tí GSM ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ni òpó ti ń hù láàárín ilé, Festac tí wọ́n kọ́ fún àwọn àlejò àjọ̀dún FESTAC ọdún 1977 ò sì sinmi lára tirẹ̀. Ní 2011, IARC, ẹ̀ka tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ àjọ ìlera àgbáyé WHO, fi ìtànṣán yìí sí ìsọ̀rí 2B, ìyẹn àwọn ohun tó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ àmọ́ tí ẹ̀rí rẹ̀ ò tíì múlẹ̀. Ìwádìí ńlá tí WHO ní kí wọ́n ṣe, tó jáde ní 2024, kò rí i pé lílo fóònù ń fa jẹjẹrẹ inú ọpọlọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí èèyàn bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí òpó, ìtànṣán tó ń bà á á dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin, orí òpó sì máa ń ju ìtànṣán síwájú lọ sọ́nà jíjìn, kì í dà á sórí ẹni tó wà nísàlẹ̀ gan-an. Èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń fún òpó náà níná àti ariwo rẹ̀ lóru, ìyẹn ni ẹjọ́ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù. Ẹni tó bá ní ẹ̀sùn lórí òpó, kí ó gbé e lọ bá àjọ NCC, nọ́ńbà 622 ni wọ́n ń pè lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀rá ojú fèrèsé ò lè bá a rò ó.

Gíláàsì tó ń dá ìtànṣán dúró ní tòótọ́, lọ́pọ̀ ìgbà ó máa ń ní irin nínú. Àwọn onímọ̀ máa ń fi ohun kan tí wọ́n ń pè ní ITO, èyí tí wọ́n fi indium àti tánńganran ṣe, kun gíláàsì lọ́nà tó tẹ́ẹ́rẹ́ débi tí ojú ò fi ní í rí i. Ó wà lójú ọ̀pọ̀ fóònù alátẹwọ́gbà, òun ló ń jẹ́ kí fóònù mọ ibi tí ìka kàn. Bí wọ́n bá wọn sísanra rẹ̀ dáadáa, tí wọ́n sì tò ó ní ìpele ìpele, ó lè gbé ìtànṣán mì. Àwọn ológun Amẹ́ríkà náà ti fi irú rẹ̀ sójú gíláàsì ọkọ̀ òfurufú ogun, kí rédà má bàa tètè rí i. Ní ọsibítù, fèrèsé yàrá tí wọ́n ti ń fi MRI yẹ ara wò máa ń ní àwọ̀n bàbà nínú. Ṣọ́ọ̀bù tó ń ta bíà àti bíńtín ìrẹsì ní 2nd Avenue kì í ṣe rédà, kì í sì í ṣe yàrá MRI.

Ibi kan ṣoṣo ni iṣẹ́ yìí ti kan oníṣòwò gbọ̀ngbọ̀n: ilẹ̀kùn máíkíróweefù. Láti ọdún 1945 tí Percy Spencer, òṣìṣẹ́ Raytheon ní Amẹ́ríkà, ti rí i pé ohun àdídùn tó wà lápò òun yọ́ nídìí ẹ̀rọ rédà ni wọ́n ti mọ̀ pé ìtànṣán yìí lè se oúnjẹ. Ohun tó bá lè se ẹran lè jó ọwọ́, ó sì lè ba ẹyinjú jẹ́, torí omi ló pọ̀ jù nínú ara èèyàn. Ohun tó wà láàárín olóúnjẹ àti ìtànṣán yìí ni ilẹ̀kùn tó ń wò kọjá. Gíláàsì tó wà níbẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Àwọ̀n irin oníhò wẹ́wẹ́ tó wà láàárín gíláàsì náà ló ń ṣiṣẹ́. Ìgbì ìtànṣán inú àdìrò gùn tó sẹ̀ǹtímítà 12, ihò àwọ̀n náà kò sì ju mìlímítà kan sí méjì lọ, kò lè gba ibẹ̀ jáde. Ìmọ́lẹ̀ ní tirẹ̀ kéré gan-an, ó ń kọjá, ìyẹn ló fi jẹ́ pé èèyàn ń rí ìrẹsì rẹ̀ bó ṣe ń yí. Àwọ̀n yìí kì í tilẹ̀ gbé ìtànṣán mì, ńṣe ló ń dá a padà sínú. Oúnjẹ ló ń gbé e mì.

Òfin Amẹ́ríkà, tó ti wà láti ọdún 1971, kò gbà kí ìtànṣán tó ń jò jáde ju mílíwáàtì 5 lọ lórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kan, bí wọ́n bá wọ̀n ọ́ ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí ara ẹ̀rọ, ní gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀rọ náà. Máíkíróweefù tí ilẹ̀kùn rẹ̀ pé kì í dé ibẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ìrìn àjò máíkíróweefù tòkunbọ̀ gùn. Wọ́n ti lò ó nílé onílé lókè òkun, wọ́n kó o sínú kọ̀ǹténà, wọ́n to ẹrù lé e lórí, kó tó dé Alaba, kó tó wá dé ìdí àtẹ olóúnjẹ ní Agboju tàbí Mile 2. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kí ó má wo àwọ̀ rẹ̀. Kí ó wò bóyá ilẹ̀kùn pa dé délẹ̀ láìwọ́, bóyá ìdè rẹ̀ ò yẹ̀, bóyá ojú ibi tí ilẹ̀kùn ti ń kan ara ẹ̀rọ ò tẹ̀ tàbí kó ti dípẹtà, bóyá àwọ̀n irin náà ò ya. Gíláàsì tó sán díẹ̀ lójú lè má ṣe nǹkan, àmọ́ àwọ̀n tó ya kò ní àtúnṣe tí wọ́n ń fi sélótéèpù ṣe. (Kí ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú, bóyá iná 120 ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ̀rọ Amẹ́ríkà tí wọ́n bá kì bọ iná Nàìjíríà lásán kì í pẹ́ kó tó jó.)

Àyẹ̀wò kan wà tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Kí olùrà gbé ife omi sínú rẹ̀, kí ó tàn án, kí ó wá ṣí ilẹ̀kùn lójijì. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kú lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá kú, kí ó yọ pọ́lọ́ọ̀gì, kí ó sì fi í sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ tà á. Àwọn àtúnṣe-ẹ̀rọ kan wà tó jẹ́ pé bí súwíìṣì ilẹ̀kùn bá bàjẹ́, wọ́n á so wáyà rẹ̀ ní dírẹ́ẹ̀tì kí ẹ̀rọ lè máa ṣiṣẹ́. Ẹni tó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti sọ máíkíróweefù di iná tí kò ní ìdáná, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó ń ran olóúnjẹ lọ́wọ́ ló sì máa kọ́kọ́ na ọwọ́ sínú rẹ̀. Àtúnṣe inú ẹ̀rọ yìí kì í ṣe iṣẹ́ gbogbo oníwáyà pàápàá, torí kàpásítọ̀ rẹ̀ lè di iná tó lágbára mú lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ọ́ lára iná. Àwọn kan tún máa ń fi fóònù sínú máíkíróweefù tí kò tàn, wọ́n á pè é, bó bá dún wọ́n á ní ìtànṣán ń jò. Ìyẹn ò jọra. Etí fóònù mú gan-an, ó ń gbọ́ ohun tí kò tó nǹkan kan, ó sì lè dún nínú máíkíróweefù tó dáa.

Ibi kejì tí owó lè ṣòfò ni iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ní Amuwo-Odofin, láti etí títì títí dé agbègbè Trade Fair, kọ̀ǹténà ni wọ́n, irin láti òkè délẹ̀. Irin ò jẹ́ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé. Ojú kan tó ń gbà wọ inú irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ ni iwájú, níbi tí ilẹ̀kùn àti gíláàsì wà. Nígbà tí owó bá wá wọlé díẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí onítọ̀hún á fẹ́ ṣe ni kí ó fi gíláàsì tó ń dán bíi díńgí sí iwájú, tàbí kí ó lẹ ọ̀rá tíńtì tó ní irin nínú mọ́ ọn, kí oòrùn má bàa ba ọjà jẹ́, kí AC lè ṣiṣẹ́. Oòrùn á dín kù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n irin tó dá ooru oòrùn padà náà ló ń dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì padà, ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù sì ti dí. Láti ìgbà tí owó pépà ti ṣọ̀wọ́n níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ọ̀pọ̀ oníbàárà ò kó owó rìn mọ́. Bí POS bá ń yí bìrì bìrì fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, oníbàárà á gbé ọjà sílẹ̀, á kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Àwọn tó ń gbé POS wọn jáde sábẹ́ agboòrùn kí ó tó gba káàdì ò ṣèèṣì ṣe bẹ́ẹ̀.

Tíńtì tí kò ní irin wà, èyí tí wọ́n ń pè ní seramíìkì. Ó ń dín oòrùn kù, kì í sì í dí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́wọ́, àmọ́ owó rẹ̀ máa ń pọ̀ díẹ̀. Kí oníṣòwò bi oníṣẹ́ alumíníọ̀mù léèrè kedere bóyá irin wà nínú ohun tó fẹ́ fi sí i, kí ó má sì gba ìdáhùn gbọ́ lásán. Kí ó ní kí ó mú òun lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tó ti fi irú rẹ̀ sí. Nínú ọ̀pọ̀ fóònù Android, bí wọ́n bá lọ sí ibi ètò fóònù, níbi tí wọ́n ti ń sọ nípa káàdì SIM, wọ́n á rí nọ́ńbà kan tí lẹ́tà dBm tẹ̀ lé, tí àmì ìyọkúrò sì wà níwájú rẹ̀. -75 dáa, -110 ti fẹ́ kú. Bí nọ́ńbà náà bá fi 10 lọ sílẹ̀, agbára nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Kí ó ka nọ́ńbà náà níta, kí ó wọlé, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, kí ó dúró fún ìṣẹ́jú kan, kí ó tún un kà pẹ̀lú fóònù kan náà àti SIM kan náà. Nọ́ńbà méjèèjì yẹn ni kí ó kọ sẹ́yìn ìwé ìdíyelé tí oníṣẹ́ bá fún un, kó tó san kọ́bọ̀.